Bàbá Kò Jókòó Sórí Àga Onígbèsè

Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ọlọ́gbọ́n tó ń gbé láàárín Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìkòtún, kí ó kàn jẹ gbèsè. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi lówó lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó gbà wá nímọ̀ràn kan. Ọjọ́ tí a di onígbèsè ni gbogbo àdúgbò di olùkọ́ wa. Onílé wa, tí kò tíì rí owó tún ṣáláńgá ilé rẹ̀ ṣe láti ọjọ́ tí a ti kó débẹ̀, ló kọ́kọ́ fa àga tì wá tó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ owó ná.

Ilẹ̀ ló fà á. Láyé Sáàpù, tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí, ọkọ mi rí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì rà ní Egan lọ́wọ́ ìdílé àwọn onílẹ̀. Akọ̀wé ni ọkọ mi ní kọ́ńpìnì kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Èmi, tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. A sọ pé kí a tètè fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀, kí wọ́n má baà ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn lẹ́yìn wa. A wá lọ yá owó lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ìkòtún, tó sì ń yáni lówó èlé pẹ̀lú. Lójú rẹ̀, Mọ́mì là ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Onísìmẹ́ǹtì ni, tàbí Sógundógójì nígbà tí inú bá ń bí wa. Ó gba rìsíìtì ilẹ̀ wa mọ́wọ́. Bí Kérésì bá dé tí a kò tíì san án tán, ilẹ̀ Egan di tirẹ̀, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ̀ mọ.

A ń san án díẹ̀díẹ̀, kò burú. Àfi bí kọ́ńpìnì ọkọ mi ṣe ní àwọn kò rí owó oṣù san mọ́, páálí bisikíìtì ni wọn yóò máa fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọkọ mi gbé páálí méjì lé orí wá sílé. A gbé e lọ fún Ìyá Onísìmẹ́ǹtì. Ó wo páálí, ó wo ojú ọkọ mi, ó ní eyín òun kò dára.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbà wá lọ́wọ́ gbèsè. Kí ẹ má baà rò pé ọkọ mi nìkan ni mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ti gbìyànjú tèmi. Mo lọ sí ilé àdúrà kan níbi tí wọ́n ti ń lé gbèsè jáde lára èèyàn. Alàgbà ibẹ̀ ní kí n fúnrúgbìn owó sílẹ̀, gbèsè náà yóò kú. N kò ní owó irúgbìn, mo bá lọ yá a lọ́wọ́ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Gbèsè náà kò kú o, ó bímọ.

Ọkọ mi ló rí pátákó náà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí ráńdábọ́ọ̀tù Ìkòtún. Wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé: GBÈSÈ RẸ, ẸRÙ WA. Ó fà mí lọ́wọ́, a gun òkè lọ. Ọ́fíìsì náà tutù, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ lára ògiri. Kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, sátífíkéètì mẹ́rin tí a fi gíláàsì bò sì wà lókè orí ọ̀gá. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan tó bá a mu débi pé ọkọ mi kò wo ojú rẹ̀ rárá, kóòtù ló ń kí.

“Ẹ jókòó, sà. Mádáàmù, ẹ jókòó. Gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìsàn ni. Èmi sì ni dókítà rẹ̀.”

Ọkọ mi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Oníkóòtù ń mi orí.

“Ó yé mi. Láti òní lọ, ẹ ò gbọ́dọ̀ fún obìnrin yẹn ní kọ́bọ̀. Owó tí ẹ bá fẹ́ fún un, ẹ máa kó o wá síbí lóṣooṣù. Tí ebi owó bá pa á dáadáa, èmi á wá lọ bá a, á sì gba ìdajì, á tún dúpẹ́. Kẹ́ ẹ sì má dárúkọ mi fún un o. Ṣe ni mo fẹ́ bá a lójijì.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè rí ẹnì kan tí ẹ ti gbà sílẹ̀ rí, tí a máa bi léèrè?”

“Mádáàmù, àṣírí kọ́sítọ́mà kì í jáde ní ọ́fíìsì yìí.”

Ọkọ mi fi ìgbúnwọ́ gún mi nínú. “Ṣé o gbọ́? Ẹni tó mọ àṣírí pa mọ́ nìyẹn.”

Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, kò sọ̀rọ̀ gbèsè mọ́, ọ̀rọ̀ kóòtù ló ń sọ. Ó ní ẹni tó bá jẹ gbèsè kò lè rí irú kóòtù bẹ́ẹ̀ wọ̀. Mo gbà fún un, nítorí èmi náà ti wò ó. Lọ́sẹ̀ yẹn ni ó lọ san owó ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tó tún fẹ́ lọ san owó oṣooṣù, mo ya etí ìró àǹkárá mi kan tó ti gbó, aláwọ̀ ọsàn, mo fi di owó náà bí màmá mi ṣe máa ń di owó àjọ. Mo gbàdúrà lé e kí n tó gbé e fún un.

Láti ìgbà náà, tí Ìyá Onísìmẹ́ǹtì bá ti kanlẹ̀kùn, a ó dákẹ́ bí ẹni pé a ti kó lọ. Obìnrin náà á kànkùn, á kànkùn, á bú wa díẹ̀, á lọ. Èlé orí owó rẹ̀ ń gorí ara wọn. Ọkọ mi ní kí n fọkàn balẹ̀, ebi owó ló ti ń pa á yẹn.

Inú ipò yìí ni bàbá ọkọ mi bá wa nígbà tó ti Iléṣà dé. Orúnkún ló gbé e wá sí Èkó. Ó ti tọ́jú owó tí yóò fi gba ìtọ́jú ní ọsibítù, owó náà wà nínú àpò kan tó so mọ́ ìdí. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ lóṣòó mọ́ láyé rẹ̀. Ìlóṣòó ló sì fi jẹun láti ìgbà ọ̀dọ́, nítorí òṣómàáló ni Bàbá. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn fún àwọn ará oko, láti ilẹ̀ Àkókó títí dé ilẹ̀ Yàgbà. Bí àsìkò owó bá pé, wọ́n á padà wá, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: “Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi.” Bàbá kì í bú èèyàn, kì í sì í lu ilẹ̀kùn. Àmọ́ kò ní jókòó sórí àga onígbèsè, kò sì ní mu omi rẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ti jókòó ti di àlejò, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe wá lálejò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé, wọ́n kanlẹ̀kùn. Èmi àti ọkọ mi fi ìka sí ẹnu.

Bàbá wò wá. “Ta ló ń kanlẹ̀kùn tí ẹ ò dáhùn?”

“Kò sí ẹnì kankan, Bàbá,” ni ọkọ mi sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Mo gbọ́ ohùn yín o!” Ìyá Onísìmẹ́ǹtì pariwo láti ìta. “Kérésì ò jìnnà mọ́, ilẹ̀ mi ní Egan ń dúró dè mí!”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ará Àkókó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ, wọ́n máa ń bo iná kí èéfín má baà jáde. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó ní kí a sọ òótọ́ fún òun. A sọ ọ́, títí kan ti Oníkóòtù.

“Ta ni ẹ bi léèrè nípa rẹ̀?”

Bàbá kọjú sí ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ, nígbà tí o fẹ́ fẹ́ ìyàwó yìí, àbúrò mi sùn sí ìlú wọn lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé kò sí olè, kò sí wèrè, kò sí gbèsè nílé wọn. Ọmọ èèyàn la wádìí tó báyẹn. Owó ńkọ́? O gbé e fún ẹni tí o ò mọ ilé rẹ̀?”

“Bàbá, Èkó nìyí,” ni ọkọ mi wí.

“Ẹni tó máa dáni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò.”

“A wò ó, Bàbá! Kóòtù ọrùn rẹ̀ dára gan-an!”

Bàbá ní, “Ta ló rán kóòtù náà?”

Ìbéèrè yẹn rí bákan létí wa. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n mú òun lọ sí Ìkòtún. Ọkọ mi kọ̀, kò bá wa lọ, ó ní a fẹ́ ba iṣẹ́ ọ̀gá jẹ́. A dé ìdí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, mo fẹ́ gòkè, Bàbá dá mi dúró. Ó ti rí télọ̀ kan tó ń ránṣọ lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ó kí i dáadáa, ó ní òun ń béèrè ẹni tó máa ń wọ kóòtù aláwọ̀ eérú lókè yìí.

Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. “Ẹ kú sùúrù o, Bàbá. Ṣé ó jẹ ẹ̀yin náà ni?”

Bàbá wò mí.

“Kóòtù tí ẹ wí yẹn, èmi ni mo rán an. Kò tíì fún mi ní nǹkan kan o, owó bọ́tìnnì pàápàá. Ẹ má da ara yín láàmú níbí jàre, ilé rẹ̀ là ń lọ. Ìgàndò ni. Tẹ́ ẹ bá ti rí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì, ibẹ̀ náà ni. Bẹ́ǹṣì àwa tó jẹ lówó ni.”

A wọ kàbúkàbú lọ sí Ìgàndò. Bẹ́ǹṣì náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gùn, ó sì ti ń dán níbi tí ìdí àwọn èèyàn ti nù ún. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó sí i lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ sá pa mọ́ sẹ́yìn Bàbá, àmọ́ Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

“Háà! Tíṣà!” Ìyá Onísìmẹ́ǹtì dìde. “Ó jẹ ìwọ náà?” Kò pẹ́ tó fi rántí ẹni tí mo jẹ́ gan-an. “Dúró ná. Ìwọ tó ń sá fún mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, o wá ń lé ẹlòmíì ní Ìgàndò?”

Ìtìjú bò mí débi pé mo kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. Ìyá Onísìmẹ́ǹtì ní ó ti pẹ́ tí Oníkóòtù ti yá owó lọ́wọ́ òun náà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tíì fún òun ní nǹkan, lóṣù tó kọjá. Ó fa pọ́ọ̀sì rẹ̀ yọ bó ṣe ń sọ ọ́. Zíìpù pọ́ọ̀sì náà ti bàjẹ́, aṣọ kan ló fi so ẹnu rẹ̀. Etí ìró àǹkárá mi ni, aláwọ̀ ọsàn.

“Mọ́mì, owó wa nìyẹn! Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi di owó yẹn! Ẹ bá wa kà á mọ́ èyí tí a jẹ yín!”

Ó wò mí tàánú-tàánú. “Ìyàwó, owó kì í kọlà. Ẹni tó bá gbé e wá ni mo mọ̀.”

Mo sunkún níbẹ̀. Mo ti fi ebi pa ara mi àti ọkọ mi kí owó yẹn tó pé, ó sì ti dé ọwọ́ ẹni tí a jẹ gan-an, gbèsè ẹlòmíràn ló sì lọ san. Ìgbà tí mo ń nu ojú, Bàbá ti ń bá Ìyá Onísìmẹ́ǹtì sọ̀rọ̀.

“Ìyá, ẹ ò ní rí owó yín gbà níbí láéláé. Ẹ ti jókòó. Ó fún yín ní bẹ́ǹṣì, ẹ sì gbà á. Bóyá ó tún ń fún yín lómi?”

“Ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé mínírà wá,” ni obìnrin náà wí, tìtìjú-tìtìjú.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ti di ẹbí.” Bàbá sọ ẹni tó jẹ́ fún un, ó sì sọ iṣẹ́ tó ṣe. Ó ní bí obìnrin náà bá gbà kí èlé orí owó ọmọ òun dúró lónìí, òun yóò bá a gba gbogbo tirẹ̀ lọ́wọ́ Oníkóòtù, òun yóò sì gba tiwa pọ̀ mọ́ ọn. Ìyá Onísìmẹ́ǹtì wo arúgbó náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní òun gbà, kò kúkú sí ohun tí yóò ná òun.

Bàbá kò lóṣòó sí Ìgàndò. Ó ní ilé kò dun Oníkóòtù, ọ́fíìsì ló ń dùn ún. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, ó lóṣòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ní abẹ́ pátákó tó ní gbèsè rẹ, ẹrù wa. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ dún, mo gbọ́ ọ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Dókítà sọ̀rọ̀!”

“Dókítà kò nílẹ̀ ní Egan.”

Oníkóòtù dé. Ó fi gírámà kí i, Bàbá fi Ìjẹ̀ṣà dá a lóhùn pé òṣó ni òun ló. Oníkóòtù ní kí wọ́n gbé àga wá, wọ́n gbé èyí tó ní tìmùtìmù wá. Bàbá dúpẹ́, kò jókòó. Wọ́n gbé mínírà wá, mínírà náà gbóná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó wá ba nǹkan jẹ́ fún Oníkóòtù ni pé Bàbá ń kí àwọn kọ́sítọ́mà rẹ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. “Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi, owó ni mo wá gbà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹ̀yin wá kó owó fún un, àbí? Olúwa á máa fi kún un.” Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á wo arúgbó, wọ́n á wo pátákó, wọ́n á rántí pé àwọn gbàgbé nǹkan sílé. Télọ̀ ìsàlẹ̀ pa iṣẹ́ tì, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn kó lè máa wòran.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Lálẹ́, èmi ni mò ń fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀, inú sì máa ń bí mi bí mo ṣe ń jó o. Mo bínú sí Oníkóòtù, mo bínú sí ọkọ mi tó ń yẹra fún ojú bàbá rẹ̀, mo sì bínú sí kóòtù. Níkẹyìn, Oníkóòtù tú ẹ̀rọ amúlétutù lára ògiri, ó tà á. Ó san ti Ìyá Onísìmẹ́ǹtì, ó dá gbogbo owó wa padà. Télọ̀ náà rí tirẹ̀ gbà, nítorí Bàbá kọ̀, kò dìde títí wọ́n fi fún un.

Owó tí a gbà padà kò tó èyí tí a jẹ. Bàbá tú àpò ìdí rẹ̀, ó fi owó orúnkún kún un kó lè pé. Ìyá Onísìmẹ́ǹtì gbé rìsíìtì ilẹ̀ wa jáde, Kérésì kò tíì dé. Ọkọ mi na ọwọ́ sí i. Bàbá ti ká a, ó ti fi sínú àpò tó ṣófo yẹn.

“Èmi ni ẹ jẹ báyìí,” ló sọ fún wa. “N kò gba èlé. Gbogbo rẹ̀ pátá ni mo máa gbà.”

A délé, mo sáré gbé àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù fún un. Bàbá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó lóṣòó.

“Bàbá!” ọkọ mi pariwo. “Ilé ọmọ yín nìyí o!”

“Mo mọ̀. Ilé onígbèsè mi náà ni.”

A rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ó máa ń sùn lórí ẹní, ó ní àwọn òṣómàáló kò ṣe òfin ẹní. Ó gbà láti jẹun wa, ó ní èlùbọ́ tí òun gbé wá láti Iléṣà ni mo fi ń rokà. Omi, ó máa ń lọ bù ú fúnra rẹ̀ nídìí kànga onílé. Àmọ́ àga, rárá o. Bí a bá jókòó sọ̀rọ̀, ó lóṣòó. Bí àlejò bá dé, ó lóṣòó, àlejò á sì máa wò wá bí ìkà. Onílé wa wá gbà wá nímọ̀ràn pé kí á máa bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ọkọ mi tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́ Ìyá Onísìmẹ́ǹtì kò rí ibi tó máa sá sí. Bó bá ti rí i tí Bàbá ń fi ọwọ́ méjèèjì di ògiri mú kó tó lè lọ sílẹ̀, á gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ tì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páálí bisikíìtì lọ sí ibùdókọ̀, odidi akọ̀wé, ó ń kiri. Èmi ń din ṣinṣín fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Gbogbo ohun tí a bá rí, ọwọ́ Bàbá là ń kó o sí. Kò sẹ́ni tó ní kí a san án kíákíá. A kàn fẹ́ kí ó jókòó ni.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní ọjọ́ tí a kó èyí tó kù fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò yàn wá jẹ. Ó yọ rìsíìtì náà, ó fi lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ó wá fẹ́ dìde, kò lè dìde. Èmi àti ọkọ mi gbá a mú lọ́tùn-ún lósì, a gbé e sórí àga náà. Ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó wo yàrá wa yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

“Ìyàwó,” ló pè mí, “omi mi dà? Ṣé báyìí ni ẹ ṣe ń gba àlejò ní Èkó?”